Ìkómọjáde Bàbá Benjamin

Ohun tó dé etí wa ní ọ́fíìsì ni pé káfíńtà kan kú ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó sì jí. Olóòtú wa fẹ́ràn òkú tó jí gan-an, nítorí pé alààyè kì í ta ìwé ìròyìn. Ó ní kí n lọ wò ó. Mo lọ, ṣùgbọ́n kí n tó wọkọ̀ ní Yábàá ni mo ti parí ìròyìn náà lọ́kàn mi: ẹnì kan dákú, àwọn aládùúgbò figbe ta, ó lajú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù Keje ọdún 1991 ni. Òjò ti sọ òpópónà wọn di ẹrẹ̀, pákó ni wọ́n sì tẹ́ sórí gọ́tà kí èèyàn tó lè wọlé. Níwájú ilé kan tí yàrá kọjú sí yàrá, obìnrin kan jókòó lórí àpótí onígi, ó ń di ṣùkú fún ọmọbìnrin kan tó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Òòyà wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Mo ń wá bàbá káfíńtà tí wọ́n ní..."

"Wọ́n ń sùn."

"Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ti wá, mà."

"Wọ́n ṣì ń sùn náà ni."

Fèrèsé kan wà lókè orí rẹ̀. Ohùn ọkùnrin gba ibẹ̀ jáde: "Ìyá Benjamin, ta nìyẹn? Mi ò sùn o!"

"Ẹ ń sùn," obìnrin náà dáhùn láìgbójú sókè. "Ojú oorun lẹ ti ń sọ̀rọ̀."

Bí mo ṣe kọ́kọ́ pàdé Abọ́sẹ̀dé nìyẹn. Mo rò pé ó kàn ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ni. Mushin ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ irun dídì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ojúwòyè. Morákinyọ̀, ọkọ rẹ̀, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tó ń fẹ́ ẹ sọ́nà, àpótí tó ń jókòó lé yìí ló kàn fún un.

"Aṣọ làwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́kùnrin wọn," ó sọ fún mi, nígbà tó ti gbà pé kí n jókòó. "Tèmi gbé ìjókòó wá. Ó ti mọ̀ pé sùúrù ni mo máa fi bá òun gbé." Benjamin, ọmọ wọn, wà ní Kàdúná, òun náà sì ti bímọ.

Ìtàn tó wà nídìí ariwo náà kò gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Morákinyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Yẹ̀kínnì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a kun àga, gbé e sínú tákísì, Abọ́sẹ̀dé sì tẹ̀ lé wọn tòun ti òòyà lọ́wọ́. Wọ́n dé ọsibítù, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti dúró de dókítà. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ṣubú. Kò mí mọ́. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá, Mabel, ju àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró títí àwọn dókítà fi gbé ẹ̀rọ dé. Ọkàn náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

Yẹ̀kínnì kò dúró gbọ́ apá tó kẹ́yìn yìí. Bó ṣe rí i pé ọ̀rẹ́ òun kò mí mọ́ ló sáré padà sádùúgbò láti lọ túfọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbé àga síta fún àwọn tó ń bọ̀ wá kẹ́dùn, awakọ̀ kan sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ kejì, Yẹ̀kínnì ní láti máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ fún wọn pé òkú náà ti ní kí wọ́n bu omi fún òun mu. Bí olóòtú wa ṣe rí òkú tó jí nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ kú lóòótọ́?" mo bi Morákinyọ̀ nígbà tí Abọ́sẹ̀dé jẹ́ kí n wọlé tán.

Ó jókòó sórí ibùsùn, ọkùnrin gíga kan tí aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù fún un, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà láyà. Ó wò mí dáadáa.

"Ọmọ mi, bí mo bá kú, ṣé màá wà níbẹ̀ ni? Àwọn tó wà níbẹ̀ ni kí o bi."

Mo bi Mabel. Kò ṣòro láti rí i. Lọ́jọ́ tí ọsibítù ní kí aláìsàn náà máa lọ sílé, Abọ́sẹ̀dé béèrè ohun tí òun lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Mabel ní òun kò gba nǹkan kan. Abọ́sẹ̀dé wo orí rẹ̀, ó ní, "Ta ló di èyí fún ẹ?" Láti ọjọ́ náà, bí nọ́ọ̀sì náà bá kúrò níbi iṣẹ́, ó máa ń yà síbẹ̀ kó tó lọ sílé rẹ̀ ní Sábó. Bí wọ́n ṣe ń dirí fún un ló ń gba ojú fèrèsé bi aláìsàn léèrè oògùn àti oorun.

"Òkú kọ́," ó sọ fún mi, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ síwájú, irun rẹ̀ wà lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé. "Ọkàn wọn ló dúró. Tí ọkàn bá dúró, ẹnu ọ̀nà lèèyàn wà. Tí àwọn tó wà nítòsí bá fi falẹ̀, á wọlé. A ò fi falẹ̀ ni."

"Ṣé gbogbo ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ló ń jí?"

"Rárá o. Ọ̀pọ̀ kì í jí. Kọ ìyẹn náà síbẹ̀."

Mo kọ ọ́. Mo ti rò pé jíjí náà ni gbogbo ìtàn. Lójú Abọ́sẹ̀dé, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó fi òwú irun dúdú so ìgò oògùn òwúrọ̀, ó fi pupa so ti alẹ́. Iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ọbẹ̀, kò sì jẹ́ kí èrò wọ yàrá, nítorí Mabel ti ka méjèèjì léèwọ̀.

"Ọbẹ̀ yìí ń jẹ bí omi tí wọ́n fi ṣan abọ́," ọkọ rẹ̀ á sọ.

"Ẹ jẹ abọ́ náà mọ́ ọn," òun á dáhùn.

Eegun ìhà rẹ̀ ṣì ń dùn ún nítorí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí náà, bó bá fẹ́ húkọ́, Abọ́sẹ̀dé á gbé ìrọ̀rí fún un kó gbá mọ́ra. Bó bá nawọ́ sí ohunkóhun tó wúwo ju ife omi lọ, "Rọra!" ló máa gbọ́. Obìnrin yìí ń sọ "Rọra" lójúmọ́ débi pé àwọn ọmọ ilé náà ti ń fi pe ara wọn nídìí bọ́ọ̀lù.

Ohun kan ṣoṣo ni kò rí ṣe. Mabel ti kìlọ̀ pé kí ọkùnrin náà máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó máa fi kún un, nítorí bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbàgbé ìrìn ni ọkàn náà ń gbàgbé iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sí ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń dùbúlẹ̀ ṣáá. Morákinyọ̀ kọ̀. Á rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá, á dúró, á gbé ọwọ́ sáyà, á padà.

Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ló ń bà á, ọgbọ́n sì wà nínú ẹ̀rù náà. "Nígbà tí ọkàn mi dúró, ọsibítù ni mo wà," ó ṣàlàyé fún mi. "Nọ́ọ̀sì ń kọjá lọ. Tó bá dúró nídìí gọ́tà ńkọ́? Ta ló máa tẹ àyà mi? Yẹ̀kínnì?"



Abọ́sẹ̀dé bẹ̀ ẹ́. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún un. Ó purọ́ pé ikán ti ń jẹ igi ní ṣọ́ọ̀bù. Pàbó ni. Lọ́jọ́ kan, ó yọ òòyà lẹ́nu, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí fèrèsé má bàa gbọ́. "Wọ́n ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ikú," ó sọ fún mi. "Ẹ̀rù rẹ̀ ló wá fẹ́ tì wọ́n mọ́lé pa."

Àárín ìgbà yìí ni Ìyá Sìmíátù dé, tòun ti agbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n Morákinyọ̀ ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ọ̀rọ̀ Yẹ̀kínnì ti bá a ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti tú irun rẹ̀ bí ọlọ́fọ̀, ó sì ti wọkọ̀ wá sí Èkó láti wá sin àbúrò rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá lè sọ ọ̀rọ̀ náà dirọ́, òun á gba ọmọkùnrin náà bí ẹni tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, òun á sì sọ ọ́ lórúkọ. Ó dé ọsibítù, ó bá òkú náà níbi tó ti ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó padà sílé lọ múra. Nísinsìnyí ó ti dé, ó ti fojú kan ọmọ nínú ilé, ó sì ti ń ka ọjọ́ kẹjọ. Oyin, iyọ̀, epo, obì, orógbó àti ataare ló wà nínú agbọ̀n rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́ síta.

"Ìyàwó," ó wí fún Abọ́sẹ̀dé, "Sátidé ni. Mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní Mushin, mo ti ránṣẹ́ sí àwọn ti Ojú Ẹlẹ́gbà. Gbogbo wọn ń bọ̀ wá wo ọmọ. Á jẹ nínú gbogbo ohun tó wà nínú agbọ̀n yìí, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́. Ayé rẹ̀ kò ní tẹ́."

Mo wo Abọ́sẹ̀dé. Ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ àti èrò Mushin! Ohun méjèèjì tí Mabel kà léèwọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàwó ilé kì í sọ "Rárá" fún ẹ̀gbọ́n ọkọ. Kì í tilẹ̀ pè é lórúkọ. Obìnrin ni o, ọkùnrin ni o, ọkọ ni gbogbo wọn.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ṣé ọmọ tuntun ni wọ́n lóòótọ́?"

"Ọmọ tuntun jòjòló."

"Ṣé ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ ni wọ́n ń fún ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ?"

"Ṣé o fẹ́ pa ọmọ ni? Ìka ni wọ́n fi ń kàn án létè. Ìyá rẹ̀ ló ń jẹ ìyókù."

"Ta wá ni ìyá ẹni tó wà nínú yàrá yìí?"

Ìyá Sìmíátù rò ó díẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ṣé èrò máa ń ya wọ yàrá ọmọ tuntun láti máa mí lù ú?"

"Ta ló máa dán an wò lójú mi?"

"Ẹ ṣeun. Lọ́jọ́ náà, ṣé inú yàrá ni wọ́n ń fi ọmọ sí?"

"Ìwọ ìyàwó yìí! Ìkómọjáde ni wọ́n ń pè é. Bí wọn ò bá gbé e jáde, kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Ó dáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìyẹn sí wọn létí. Èmi ti sọ títí, ẹnu mi ti bó."

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tó ṣe. Ó ti kó ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jọ ní ìlà ní ìlà, ó ti dì í ní ṣùkú, ó sì ti so ó lókè.

Ìyá Sìmíátù wọ yàrá. A gbọ́ ọ láti ìta.

"Morákinyọ̀!"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Sátidé lo máa jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àyà mi yìí..."

"Àyà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe! Káfíńtà ni ọ́. Àga tí o bá tún ṣe, ṣé o máa ń ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e mọ́ ni?"



Nígbà tí Sátidé pé, Ìyá Sìmíátù ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ju sójà lọ. Ó dá onílé padà. Ó kó àwọn ará Mushin jókòó sábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù Morákinyọ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, ó ní ọmọ ń sùn. Abọ́sẹ̀dé, tó ti ń dá iṣẹ́ yẹn ṣe láti ọjọ́ yìí wá, fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wò ó bí ẹni tó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́.

Àwa díẹ̀ la wọlé: Mabel, Yẹ̀kínnì, àti èmi tí wọ́n gbà wọlé nítorí ìwé ìròyìn. Ìyá Sìmíátù wo nọ́ọ̀sì náà látòkè délẹ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ní o gún arákùnrin mi bí iyán, tí ìhà rẹ̀ fi ń dùn ún?"

"Èmi ni, mà," ni Mabel fi ohùn kékeré dáhùn.

Obìnrin àgbà náà kúnlẹ̀ fún un. Mabel sáré kúnlẹ̀ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, èyí ń sọ pé "Apá rẹ kò ní rọ," èkejì ń bẹ̀bẹ̀ pé "Ẹ dìde, mà, ẹ jọ̀ọ́, mà," títí Morákinyọ̀ fi sọ láti orí ibùsùn pé, "Tí ẹ bá ti ṣe tán, ọmọ wà níbí o."

Ìyá Sìmíátù fi ìka kan oyin sí i létè, ó fi kan iyọ̀. Iyọ̀ náà kò tó ohun tí èèrà lè gbé. Ọkùnrin náà pa ojú dé. "Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu mi," ó bẹ̀. Ìyá ọmọ ló jẹ ìyókù. Ó jẹ iyọ̀, ó jẹ ataare, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì gbà pé ata ni, kò gbà pé ẹkún ni.

Orúkọ tí òun sọ ọ́ ni Málọmọ́, èyí tí wọ́n ń sọ ọmọ tó ti lọ rí kó má tún lọ. Mabel sọ ọ́ ní Dúróoríkẹ́. Yẹ̀kínnì gbé ohùn sókè, ó ní, "Kòkúmọ́!"

"Ìwọ!" Ìyá Sìmíátù yí sí i. "Ìwọ tó ti sin ín láìgbẹ́lẹ̀! Ẹnu wo lo fi ń sọ ọ́?"

Ilé gba ẹ̀rín. Aláìsàn náà gbá ìrọ̀rí mọ́ ìhà kó lè ráyè rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínnì yọ́ jáde, mo rò pé ojú ló tì í.

"Ó kù kó jáde," ni Ìyá Sìmíátù wí.

Morákinyọ̀ dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó kọjá rẹ̀. Ó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ já, ó ń fọwọ́ kan ògiri. Ó dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, lábẹ́ etí òrùlé, ibẹ̀ ló ti dúró. Ọwọ́ rẹ̀ padà sáyà. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé dúró tì í, kò fà á, kò tì í.

"Ìyá Benjamin," ó sọ jẹ́jẹ́, "ẹ jẹ́ ká padà."

Ó ku nǹkan kan tí Ìyá Sìmíátù kò sọ fún wa. Nínú agbo ilé wọn láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ń kó ọmọ jáde, wọ́n á da omi sórí òrùlé kó kán sí ọmọ lára. Bí ọmọ bá ké, ó ti wá dúró nìyẹn. Ó ti rán Yẹ̀kínnì sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ní kó da igbá omi kan. Yẹ̀kínnì, ẹni tí kì í ṣe nǹkan ní díẹ̀, gbé korobá. Òrùlé koríko ni àṣà náà sì mọ̀, èyí tí omi máa ń kán lára rẹ̀ tó, tó. Kò mọ páànù Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Gbogbo omi náà yọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dà lé bàbá àgbà lórí.

"Yéèèè!"

Morákinyọ̀ fò síta. Ó gorí pákó, ó kọjá gọ́tà, ó na ìka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn tòun ti korobá. "Yẹ̀kínnì! Olórí burúkú! O fi ẹnu pa mí, kò tó ọ, o tún fẹ́ fi omi pa mí!"

"Ẹ̀gbọ́n yín ló ní kí n dà á o!"

"Ọmọ ké!" Ìyá Sìmíátù ń fò sókè. "Ó ké! Ẹ gbọ́ ọ! Ó ti dúró!"

Mabel ti sáré bá aláìsàn náà, ó ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ta ló ní kẹ́ ẹ da omi tútù lé ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu? Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?" Mabel tẹ́tí sí ohun tí ìka rẹ̀ ń gbọ́. Ojú Abọ́sẹ̀dé kò kúrò lójú rẹ̀.

"Ó ń lù," ni Mabel wí níkẹyìn. "Ó ń lù dáadáa. Ẹ má dán an wò mọ́."

Ìgbà náà ni Morákinyọ̀ wolẹ̀, ó wo ẹ̀yìn. Àárín ọ̀nà ló wà. Ilé ti wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, èkejì ṣì nà sí Yẹ̀kínnì. Kò sí èyí tó wà láyà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń dùn ún níhà, ó ń sọ pé "Yéè, ìhà mi," ó sì tún ń rín in.

Abọ́sẹ̀dé mú aṣọ ìnura wá, ó ń nu orí rẹ̀.

"Ìyàwó," Ìyá Sìmíátù pè é, "ìwọ ò tíì sọ orúkọ tìrẹ."

"Rọra," ni Abọ́sẹ̀dé dáhùn, kò dáwọ́ nínù dúró.

"Orúkọ wo nìyẹn?"

"Òun ni mò ń pè wọ́n lójoojúmọ́."

Mo fẹ́ kó yé onkàwé pé omi kò wo ọkàn sàn. Mabel ní kí n kọ ọ́, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀: oògùn, oúnjẹ, ìrìn àti obìnrin kan tí kò jẹ́ kí nǹkan kan yẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. Omi kàn tì í kọjá ẹnu ọ̀nà ni. Olóòtú bi mí pé ṣé ọkùnrin náà kú àbí kò kú. Mo ní kó lọ bi í ní ṣọ́ọ̀bù.

Torí pé ṣọ́ọ̀bù ló wà nígbà tí mo padà lọ kí wọn. Abọ́sẹ̀dé ń dirí lórí àpótí rẹ̀, fèrèsé òkè orí rẹ̀ ṣófo. Ní òdìkejì ọ̀nà, Morákinyọ̀ jókòó sórí àga, ó ń kọ́ Yẹ̀kínnì bí wọ́n ṣe ń kun igi, bí ẹni pé Yẹ̀kínnì kò tíì kun igi rí. Ó nawọ́ sí tábìlì kan bíi pé ó fẹ́ gbé e. "Rọra!" ni ọmọbìnrin tí wọ́n ń dirí fún kígbe, pẹ̀lú obìnrin tó ń fa omi, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Bàbá náà yára gbé ọwọ́ kúrò.

"Ẹ káàsán, mà," mo sọ. "Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n ń sùn," Abọ́sẹ̀dé fèsì, òòyà lẹ́nu. Ó ti mọ́ ọn lára.

"Ìyá Benjamin!" ohùn kan ké láti ṣọ́ọ̀bù. "Mi ò sùn o!"

Abọ́sẹ̀dé yọ òòyà lẹ́nu. Ó wo òdìkejì ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀.

"Mo rí yín," ó sọ, ó sì la ìlà irun tó kàn.